Kì í Ṣe Ẹ̀rù Ló Ń Bà Mí

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
15 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé òtútù kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù? Bọ̀dá ńkọ́, ṣé eékún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwa wà dáadáa níhìn-ín, àfi òjò tí kò jẹ́ kí aṣọ bẹ́ẹ̀dì gbẹ. Láti àná ni mo ti ń sá aṣọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òórùn ọṣẹ gba gbogbo ilé. Odò ti kún dé etí, omi rẹ̀ pọ́n bí ẹni po amọ̀ sí i. Ìyá Alásè kí yín púpọ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kọ ìkíni tiwọn kí n tó kọ tèmi.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ẹ ní ó ti pé ọdún kan tí tábílẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ sì gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi pé inú dírọ́ọ̀ ló wà, lábẹ́ ìrọ̀rí àtijọ́. Ẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ sùn sí ní Manchester, ẹnikẹ́ni kò jókòó síwájú. Fóònù lẹ fi ṣílẹ̀kùn, fóònù lẹ fi sanwó, ẹ sùn, ẹ jí, ẹ bá tiyín lọ. Ẹ wá ní bí mo bá ń bá a lọ báyìí, ayé á fi mí sílẹ̀, pé ẹ̀rù ohun tuntun ló ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. N kò bínú, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ènìyàn bíi tèmi ṣe ń gba ohun tuntun, àti bó ṣe ń kọ̀ ọ́. Bí mo bá fi ohùn dá yín lóhùn, àlejò á kanlẹ̀kùn, iná á lọ, ọ̀rọ̀ á já lẹ́nu mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bíró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí bí owó ṣe ń wọlé níhìn-ín. Yàrá mẹ́jọ la ní. Bàbá wa kọ́ ọ fún ayálégbé, èmi ni mo sọ ọ́ di ilé àlejò, owó àjọ ni mo sì fi ra fóòmù àkọ́kọ́. Oṣù Kẹjọ ni gbogbo ayé ń wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun. Láti ọjọ́ Ìwọ́pópó, dé alẹ́ tí wọ́n bá tan àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún, títí di ọjọ́ tí Arugbá bá gbé igbá wọ igbó Ọ̀ṣun, ọjọ́ 12 ni, bí mo bá ní yàrá 40, gbogbo rẹ̀ á kún. Àlejò Brazil, àlejò Cuba, àwọn dúdú Amẹ́ríkà tó wá wá orírun wọn, àwọn ọmọ wa láti Èkó tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Nígbà tí wọ́n bá bu omi odò sínú ike tán tí wọ́n lọ, ó di yàrá méjì, yàrá mẹ́ta lálẹ́ kan: ẹni tó wá sìnkú, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ ìwé wò, awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá bá mi, ibẹ̀ ni mo ti ń wò ó. Ṣé yóò bá mi wá àlejò ní oṣù 11 tó kù, àbí yóò kàn wá bá mi jẹun lóṣù Kẹjọ tí oúnjẹ ti wà nílẹ̀?

Ẹ mú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń polówó yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi lọ́dún 2022, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní sùúrù. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn yóò ya fọ́tò yàrá mi, gbogbo ayé á rí i, náírà 15 nínú 100 ni làádà àwọn. Mo fún un lómi, mo ní kó jókòó, a jọ ṣírò ó. Lóṣù Kẹjọ, yàrá mi ti ní olówó kí oṣù tó wọlé. Bí mo bá yọ 15 nínú 100 fún wọn nígbà náà, owó tí mo fi ń kun ilé lẹ́yìn ọdún ni mo yọ yẹn. Lóṣù Kọkànlá tí mo ń wá àlejò lójú méjèèjì, ta ló ń wá Òṣogbo lórí fóònù? Ẹni tó wá sìnkú, ẹbí olókùú ló ń júwe ilé wa fún un. Ọmọkùnrin náà dákẹ́, ó wá sọ òótọ́ fún mi pé wọn kò kọ́ àwọn ní èsì ìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìdáhùn yẹn.

Ohun tó ká mi lára jù kì í sì í ṣe làádà. Ẹ mọ Ìyá tó máa ń ti Salvador ní Bahia wá, ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń bọ̀. Yàrá kẹta ni tiwọn, èyí tó kọjú sí igi máńgòrò. Wọn kì í fi owó sílẹ̀, wọn kì í kọ̀wé. Bí wọ́n bá ń wọ mọ́tò lóṣù Kẹjọ, wọn á di ọwọ́ mi mú, wọn á fi Yorùbá tí wọ́n kọ́ ní ilé òrìṣà wọn sọ pé, "Ó di ọdún tó ń bọ̀." Ìyẹn ti tó. Ẹ̀rọ tí mo bá fà yàrá lé lọ́wọ́ kò mọ èyí. Bó bá ta yàrá kẹta ní òru fún ẹni tí kò rí mi rí, tí Ìyá wá fa àpótí wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ojú wo ni n ó fi wò wọ́n? Àwọn tó ń ta ohun tuntun ka yàrá sí yàrá. Lọ́dọ̀ tiwa, yàrá ní ẹni tó ni ín kó tó dé.

Ṣé ẹ rí i pé mo ń ro nǹkan?

Ní ti ẹ̀rọ POS, èmi gan-an mọ̀ pé mo pẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ̀ ọ́. Ẹ mọ ohun tó fà á, ọkùnrin tó sùn sọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ méjì, tó jẹ adìẹ, tó fi fóònù hàn mí pé owó ti lọ, tó sì lọ. Owó náà kò dé títí di òní. Ayédèrú álẹ́ẹ̀tì ni. Owó oúnjẹ ọjà ni mo fi dí ihò yẹn, ni mo bá kọ ọ́ sára pákó, mo gbé e kọ́ síwájú ilé: OWÓ ỌWỌ́ NÌKAN. Pákó yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ fún ọdún mẹ́rin.

Ìgbà tó wá di pé owó ọwọ́ kò sí ńkọ́? Ẹ kò sí nílé, orí ìròyìn lẹ ti gbọ́ ọ. Oṣù Kẹwàá 2022 ni báńkì àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000. Tuntun jáde lóṣù Kejìlá. Wọ́n ní tí Oṣù Kìn-ín-ní 2023 bá ti parí, àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́. Wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 Oṣù Kejì. Àtijọ́ wọ báńkì lọ, tuntun kò jáde tó. Ẹnu ATM wá dà bí ẹnu kànga nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, aago mẹ́rin ìdájí làwọn ènìyàn ti ń tò. Àwọn oní-POS ń gba 2,000 lórí 10,000. Ènìyàn á lówó ní báńkì, ebi á sì máa pa á.

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú Oṣù Kejì yẹn, ó ti kọjá aago mẹ́sàn-án, ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn. Ìbàdàn ló ti ń bọ̀, Èkìtì ló ń lọ, ọkọ̀ rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ lẹ́bàá Gbọ̀ngán. Ọmọ kan sùn lé e léjìká, méjì di aṣọ rẹ̀ mú, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì. Ó ka pákó mi. Kò bá mi jiyàn. Ó kó owó ọwọ́ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ́ ẹ síwájú mi: 700 náírà, gbogbo rẹ̀ ni 50-50 àti 100 kan. Ó ní, "Mà, mo lówó. Kò sí lọ́wọ́ mi ni." Mo wo ọmọ tó sùn lé e léjìká, itọ́ rẹ̀ ti rin kọ́là bàbá rẹ̀. Mo wo pákó tí mo fọwọ́ ara mi kọ.

Mo mú un sọdá títì lọ bá ìyá tó ń ta àmàlà níwájú wa. Ìyá olámàlà ti ní ẹ̀rọ POS láti ọdún tó ṣáájú. Ọkùnrin náà fi káàdì rẹ̀ san owó yàrá sínú ẹ̀rọ olámàlà, ìwé pélébé jáde, mo rí i. Olámàlà kò ní owó ọwọ́ tí yóò fún mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò béèrè. A kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ń jẹ owó náà ní àmàlà: ti àwọn òṣìṣẹ́ mi, ti àlejò tó bá fẹ́ jẹun. Nígbà tí àlejò mìíràn dé, a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lo ẹ̀rọ tí kì í ṣe tèmi. Mo rí ọjọ́ tó ṣiṣẹ́, mo rí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ tí owó há sójú ọ̀nà títí di ọjọ́ kejì. Mo rí i pé fóònù tèmi ló yẹ kí n máa wò, kì í ṣe fóònù àlejò. Bí owó kò bá tíì ró lọ́dọ̀ mi, kò tíì dé. Ohun kékeré yìí ni n kò mọ̀ fún ọdún mẹ́rin, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tó wá polówó ẹ̀rọ fún mi tó sọ ọ́. Olámàlà ló kọ́ mi, ó di ìgbákọ mú lọ́wọ́ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo gba tèmi. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Owó padà sígboro. Èmi kò padà. Mo sọ pákó yẹn di ibi tí Ìyá Alásè ń gé ilá sí.

Ọmọ yín tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrìn-àjò afẹ́ ní yunifásítì ló fi ọ̀rọ̀ kan yé mi nígbà tó wá sílé lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun. Ó ní ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Everett Rogers kọ ìwé lórí bí ohun tuntun ṣe ń tàn kálẹ̀ láàárín ènìyàn. Ó jáde ní 1962, ọdún kan náà tí Dúró Ládipọ̀ ṣí gbàgede àṣà Mbárí Mbáyọ̀ níbí. Ọmọ àgbẹ̀ ni Rogers, ará Iowa. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀rọ oko. Bí irin tuntun bá jáde, yóò rà á. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé irúgbìn àgbàdo tuntun dé, èyí tó ń so ju ti àtijọ́ lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, bàbá náà kọ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi kọ̀. Ní 1936 ọ̀dá dá. Àgbàdo aládùúgbò wọn dúró ṣinṣin, tiwọn rọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbà.

Mo ní kó tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bàbá yẹn. Ẹ lè pè é ní ẹlẹ́rù? Ẹni tó ra gbogbo irin tuntun! Irin, bó bá bàjẹ́, a lè tú u palẹ̀. Àgbàdo, bó bá kọ̀, ọdún kan ti lọ pẹ̀lú oúnjẹ ọmọ. Ohun tí ọ̀dá jẹ́ fún un ni ọ̀wọ́n owó jẹ́ fún mi. Àwọn tó ń bẹ wá wò máa ń sọ pé ẹni báyìí fẹ́ràn ohun tuntun, ẹni báyìí kò fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo kọ POS, ẹnikẹ́ni kò rọ̀ mí kí n tó máa fi fọ́tò yàrá ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àlejò béèrè, mo yà á, mo fi ránṣẹ́, ó tán.

Ọmọ yín ní Rogers sọ pé kí ènìyàn tó gba ohun tuntun, yóò wò ó bóyá ó dára ju ti àtijọ́ lọ, bóyá ó bá ìgbé ayé òun mu, bóyá kò nira jù, bóyá òun lè tọ́ ọ wò díẹ̀ kí òun tó ra odindi, bóyá òun ti fojú ara òun rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ olámàlà àti èmi ló kó sínú ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, ta ni yóò san án bí ó bá bàjẹ́? Ó ní ìbéèrè gidi nìyẹn. Fún èmi, òun ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ilé ìtura ńlá lè ra ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdánù, kí ọ̀gá máa gba owó oṣù rẹ̀ lọ. Bí èmi bá ra ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́, owó ilé ìwé ọmọ yẹn ni, tàbí owó oṣù ọmọkùnrin tó ń gbàlejò níwájú, tó ní ìyá tó ń bọ́. Ẹni tó tà á fún mi kì í wà níbẹ̀ lóṣù kẹta.

Sólà ńkọ́? Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ fi gbólóhùn kan sọ mí di onísólà lọ́dún tó kọjá. Ẹ ṣeun, àmọ́ télọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni. Mo máa ń dùbúlẹ̀ lóru, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, màá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí ń ró, n kò ní í gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Òjò kan kọjá, ọyẹ́ kan kọjá, ó ṣì ń ró. Ní gbogbo ìgbà yẹn mo ń ka owó epo mi. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, nígbà tí epo wà ní 185 náírà, 4,625 ni. Ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Nígbà tó fi máa di Oṣù Keje, epo di 617, kẹ́ẹ̀gì kan náà di 15,425. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2024, ó di 855 ní ilé epo ìjọba ní Èkó, ìyẹn 21,375, ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín sì máa ń ju ti Èkó lọ. N kò lè fi ìyẹn kún owó yàrá ẹni tó wá sìnkú.

N kò lọ bá ẹni tó ń ta sólà kí n tó lọ bá télọ̀. Mo gbé omi tútù lọ, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó sọ fún mi pé bí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bátìrì kò ní í di ìdájí. Ó ní lásìkò ọyẹ́, eruku á bò ó, àfi kí n máa rán ọmọ lókè lọ nù ún. Ó ní kí n má ṣe dán an wò láti fi fa ẹ́ẹ̀sì. Àwọn àléébù tó kà fún mi ló jẹ́ kí n rà á. Nígbà tí àjọ kàn mí, mo ra ti gílóòbù àti fáànù nìkan. Àjọ tó tẹ̀ lé e, mo fi ti fíríìjì kún un. Jẹnẹrétọ̀ ṣì wà nílẹ̀ fún oṣù Kẹjọ àti fún ẹni tó bá fẹ́ san owó ẹ́ẹ̀sì.

Káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀wọ́, ká má sọ ọ́ jìnnà. Mo sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn nígbà ìgbéyàwó ọmọ àbúrò ìyá wa, ilẹ̀kùn kò mọ káàdì mi mọ́, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí fún wákàtí kan ó lé. Kọ́kọ́rọ́ Bàbá wa ń ṣiṣẹ́.

Ó wá ku tábílẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé òun lẹ ń dúró dè.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo lò ó. Ọmọ mi kò sọ ìyẹn fún yín torí kò sí nílé nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lò ó bí ẹ ṣe ní kí n lò ó. A pa ìwé orúkọ àlejò tì. Àlejò dé, ọmọkùnrin iwájú tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, yàrá rẹ̀, ohun tí yóò jẹ, aago tí yóò jí. Ó mọ́, ó dára, n kò ní purọ́. Ní ọjọ́ kìíní, Ìyá Alásè bọ́ síwájú láàárọ̀ bí wọ́n ti í ṣe láti ọdún 14 sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ta ló dé lánàá?" Ọmọkùnrin náà yí tábílẹ́ẹ̀tì sí wọn. Ẹ mọ̀ pé wọn kò mọ̀wé. Pẹ̀lú ìwé àtijọ́, a máa ń kà á sókè ni, wọn á sì máa dáhùn: "Ẹni yẹn kì í jẹ ilá." "Ìyẹn ti wá rí, ó fẹ́ràn kí ẹ̀kọ gbóná." "Ṣé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bímọ nìyẹn?" Lọ́jọ́ yẹn wọ́n wo iná tó ń tàn nínú gíláàsì, wọ́n ní ó dára, wọ́n padà sílé ìdáná. Ọjọ́ kejì, wọn kò bọ́ síwájú. Ọjọ́ kẹta, wọn kò bọ́ síwájú. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Oúnjẹ ń jáde lásìkò. Àmọ́ àlejò kan tó ti wá rí bi mí pé, "Ìyá kò sí nílé ni?" Mo lọ yọjú sílé ìdáná, mo bá wọn tí wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà tán.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé tábílẹ́ẹ̀tì sínú dírọ́ọ̀. N kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àlejò kì í ti Bahia wá sùn sórí fóòmù mi nítorí fóòmù. Ohun tí mo ń tà gan-an, orí Ìyá Alásè ló wà, n kò sì lè fi í ra ìwé orúkọ tó mọ́.

Ó sì ń dùn mí pé mo pa ẹ̀bùn yín tì. Lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá yìí ni mo ń rìn nínú igbó Ọ̀ṣun pẹ̀lú ọmọ yín, a dúró níwájú iṣẹ́ ọwọ́ Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ará Austria tó lo ayé rẹ̀ níbí títí tó fi kú ní Oṣù Kìn-ín-ní 2009, ẹni ọdún 93. Ilé òrìṣà tí ikán ń jẹ ni wọ́n ní kó bá àwọn tún ṣe. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa, Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, àti àwọn tó kù, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì! Ohun tí a ń fi kọ́ ilé epo. Síbẹ̀ àwọn àwòrò gbà á sínú igbó, torí ohun tí wọ́n ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ló wá gbé ró. Ní 2005, UNESCO kọ igbó náà sínú àwọn ogún gbogbo ayé. Mo dúró síbẹ̀, mo fọwọ́ kan ògiri náà, mo rò ó pé bóyá ẹnu ọ̀nà tí mo gbé tábílẹ́ẹ̀tì gbà wọlé ni kò dára.

A délé, mo yọ ọ́, mo gbé e lọ sílé ìdáná. Mo ní, "Ìyá, àwọn àlejò òkè òkun kì í mọ èkuru yàtọ̀ sí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Wọn kì í mọ ègbo. Ẹ bá mi ya fọ́tò oúnjẹ yín síbí kí ẹ máa fi hàn wọ́n." Ọmọ yín kọ́ wọn ní ibi tí wọn ó fìka tẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́ wọn lára ìró lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, oúnjẹ 19 ti wà níbẹ̀. Láàárọ̀ àná, wọ́n gbé e bọ́ síwájú fúnra wọn, wọ́n dúró ti àwọn àlejò méjì tó ti Jámánì wá wo igbó, wọ́n ń fìka tì í lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ Yorùbá, àwọn yẹn ń mi orí, ègbo ni wọ́n sì jẹ. Ìwé orúkọ ti padà sórí tábìlì, a ṣì ń kà á sókè láàárọ̀.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, mo ti pe ọ̀dọ́mọkùnrin ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn padà. Mo ní yàrá kẹjọ nìkan, láti Oṣù Kẹwàá títí di Kérésìmesì, kí a wò ó. Yàrá kẹta kò sí níbẹ̀, oṣù Kẹjọ kò sí níbẹ̀. Ó gbà. Ó ti ya fọ́tò. Bí àlejò mẹ́ta bá gbabẹ̀ wá, n ó fi yàrá keje kún un. Bí ẹyọ kan kò bá wá, yàrá kan ṣoṣo ló ṣì jẹ́.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, ẹ bá mi wá rọ́bà tí a fi ń bo tábílẹ́ẹ̀tì, èyí tí omi àti epo kò lè gbà wọlé, torí ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ń gbé báyìí. Ẹ má gbàgbé oògùn eékún tí Bọ̀dá ń lò, Màmá wa fẹ́ dán an wò. Mo ti fi fọ́tò èkuru tí Ìyá Alásè yà lánàá ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín. Àtàǹpàkò wọn wà ní igun kan nínú rẹ̀. Wọn kò gbà kí n gé e kúrò.

Àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Àníkẹ́.